Ìlera Agbo Ilé: Nígbà Tí Wọ́n Bá Ní "Ẹ Máa Gbé Wọn Lọ Sílé"

    

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tá a fẹ́ràn láti máa sọ. Ọ̀rọ̀ àìsàn tí kò fẹ́ lọ ni, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó máa ń wà nídìí aláìsàn lóru nígbà tí dókítà bá ti lọ sílé. Nọ́ọ̀sì ni ẹni yẹn. Àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nínú wọn ni mo fẹ́ dojú ọ̀rọ̀ kọ jù, nítorí pé nínú agbo ilé wa yìí, ó ṣòroó rí ẹ̀ka kan tí kò ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí tí ọmọ wọn ò máa múra àtiwọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, ọ̀rọ̀ àwa náà sì ni lọ́jọ́ tá a bá dùbúlẹ̀.

Gbogbo wa la ti gbọ́ gbólóhùn yìí rí: "Kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́. Ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Wọ́n á yọ omi tí wọ́n fà sí aláìsàn lára, wọ́n á ní ká lọ san owó tó kù, a ó sì wá mọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìrora ń bẹ, egbò ẹ̀yìn ń bẹ, àìróorun-sùn ń bẹ, ẹ̀rù ń bẹ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ ni kò sí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lónìí ni pé gbólóhùn yẹn kì í ṣòótọ́. Bí oògùn tó lè lé àìsàn náà lọ bá tiẹ̀ ti tán, ohun tó ṣeé ṣe fún aláìsàn ṣì pọ̀. Ẹ̀kọ́ odindi kan wà lórí ẹ̀. Palliative care lorúkọ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é. Ìtọ́jú ìtura ni màá máa pè é níbí.

Kí ni ìtọ́jú ìtura?

Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí àìsàn ńlá ń bá jà ni, bíi jẹjẹrẹ, àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn, rọpá-rọsẹ̀, éèdì, àti fòníkú-fọ̀ladìde. Ohun tó wà fún ni pé kí ìrora dín kù, kí èémí rọrùn, kí aláìsàn lè jẹun díẹ̀, kó lè sùn, kó lè bá àwọn èèyàn ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹbí tó ń tọ́jú ẹ̀ náà sì rí ẹni fẹ̀yìn tì. Kò di ìgbà tó bá ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ̀ pé àìsàn náà le ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kó máa bá ìtọ́jú tó kù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọdé nílò ẹ̀, àgbà nílò ẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dọọdún, àwọn tó nílò irú ìtọ́jú yìí lágbàáyé á tó mílíọ̀nù 56.8. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 14 péré ló ń rí i gbà. Orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ sí lọ́wọ́, bíi tiwa, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí kò rí i gbà wà. Ní 2014, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ní Geneva ké sí gbogbo ìjọba pé kí wọ́n fi ìtọ́jú ìtura kún ètò ìlera wọn, kí wọ́n sì fi í kún ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì niṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Cicely Saunders lorúkọ obìnrin tó dá a sílẹ̀ nílùú London. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ kọ́ ní ọsibítù St Thomas'. Ẹ̀yìn dídùn lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ló bá di ẹni tó ń bá àwọn aláìsàn yanjú ìṣòro ilé wọn nínú ọsibítù, kó tó wá lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní 1957 ló di dókítà. Nígbà tó di 1967, ó ṣí St Christopher's, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn ò ní lọ mọ́. Òun ló kọ́ ayé pé ìrora aláìsàn kì í ṣe ti ara nìkan. Ìrora ara wà, ìrora ọkàn wà, ìrora ilé àti owó wà, ìrora ẹ̀mí náà wà. Bí ọ̀kan bá kù tí wọn ò tọ́jú, èyí tí wọ́n tọ́jú náà ò ní rọlẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní St Thomas' yìí kan náà ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ tiwa, ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kó tó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ matron ní UCH Ìbàdàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ ká dán ara wa wò

Ní 1996, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà gbé ìdánwò kan jáde fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè 20 ló wà nínú ẹ̀. Èèyàn á dáhùn pé òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí òun ò mọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1991, nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Katherine Frommelt ti gbé òmíràn jáde. Ìyẹn kì í wádìí ìmọ̀. Ọkàn tí nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ ló ń wádìí. Gbólóhùn 30 ló ní, téèyàn á sì fi nọ́ńbà 1 sí 5 sọ bóun ṣe fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Méjèèjì ni wọ́n ti fi wádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Irú ohun tó wà nínú èyí àkọ́kọ́ nìyí, lẹ́nu tèmi. Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ kọ òótọ́ tàbí irọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó ka ìdáhùn:

1. Ẹni tí àìsàn ẹ̀ ti ń burú sí i nìkan ni ìtọ́jú ìtura wà fún.
2. Bí aláìsàn bá pẹ́ lórí mọfíìnì nítorí ìrora, wàhálà ńlá ni pé kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́, bíi ti àwọn tó ń lo oògùn olóró nígboro.
3. Ẹni tó ń lo mọfíìnì gbọ́dọ̀ máa lo ohun tó ń jẹ́ kéèyàn rí ìgbẹ́ yà pẹ̀lú.
4. Ọkùnrin máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fọ̀ ju obìnrin lọ.

Ó yá, ìdáhùn. Ìkíní, irọ́ ni. A ti sọ ọ́ lókè. Ìkejì, irọ́ ni. Aláìsàn tó ń lo mọfíìnì fún ìrora, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n sì ń ṣọ́ ọ, kì í sábà di ẹni tí oògùn ń lé kiri. Ara ẹ̀ lè mọ́ oògùn náà lára, wọn ò sì ní dá a dúró lójijì, àmọ́ ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn di ẹrú oògùn. Ìkẹta, òótọ́ ni. Mọfíìnì máa ń di ìgbẹ́ púpọ̀, kò sì yẹ kí wọ́n dúró dìgbà tí inú bá wú kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i. Ìkẹrin, irọ́ ni. Ọkùnrin kàn máa ń pa á mọ́ra ni.

Mélòó lẹ gbà? Ẹ má bínú o, bẹ́ ẹ bá gba méjì péré, ẹ̀yin nìkan kọ́. Ohun táwọn tó ń ṣèwádìí sábà máa ń bá pàdé nìyí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ́kàn rere sí ẹni tó ń kú lọ, wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ìmọ̀ wọn kéré. Ọ̀rọ̀ ìrora àti mọfíìnì sì wà lára ohun tó máa ń gbé wọn ṣubú. Ọmọ náà fẹ́ ṣe é, kò mọ bó ṣe máa ṣe é. Ọwọ́ ẹ̀ á wá máa gbọ̀n nídìí aláìsàn, á máa sá fún bẹ́ẹ̀dì yẹn, àwọn èèyàn á sì rò pé kò láàánú.

Kí ló fà á tí wọn ò fi mọ̀ ọ́n?

Ohun àkọ́kọ́ wà nílé ẹ̀kọ́. Bí àìsàn ṣe máa lọ ni wọ́n ń kọ́ wọn jù. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, ìtọ́jú ìtura kì í dá dúró. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń yọ fún un lábẹ́ jẹjẹrẹ tàbí ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí olùkọ́ fúnra ẹ̀ ò bá ṣe é rí, ohun tó bá wà nínú ìwé náà nìkan ló máa kà fún wọn. Ọmọ ọdún 19 á sì wá rí òkú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lóru. Wọ́n á ní kó bá wọn di ara ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi í lọ́jọ́ kejì pé, "Báwo lara ẹ ṣe rí?"

Ìkejì wà nílé tiwa. Àwa la kọ́ àwọn ọmọ yìí pé a kì í dárúkọ ikú létí aláìsàn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí bí ara bàbá ṣe rí, a ó ní, "Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bọ́ síta." A ó fi orúkọ àìsàn pa mọ́ fún ẹni tó ń ṣe gan-an. Ọmọ tó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè déédéé di ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yẹn sọ nítorí pé ó wọ aṣọ funfun.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù, jẹjẹrẹ ọyàn ni. Òru ti jìn. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá wo ìgbóná ara wọn. Ìyá bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ikú ló ń bọ̀ yìí?"

Ọmọ tí wọn ò kọ́ á dáhùn pé, "Háà, Màmá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ máa tó dìde." Á yára kọ nọ́ńbà sílẹ̀, á kọjá síbi bẹ́ẹ̀dì kejì. Àánú ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ti pa ìyá lẹ́nu mọ́. Ìyá ò tún ní béèrè mọ́, lọ́wọ́ òun tàbí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bóyá ohun tí ìyá fẹ́ sọ ni pé òun fẹ́ kí wọ́n pe ọmọ òun obìnrin wá, kóun lè fà á lé e lọ́wọ́ bí á ṣe máa tọ́jú ojúbọ Ọ̀ṣun òun.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ á fa àga, á jókòó kí ojú òun àti ti ìyá lè ṣe déédéé. Á ní, "Màmá, kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀?" Á wá dákẹ́, á gbọ́. Kò ní sọ pé ikú ń bọ̀, kò sì ní parọ́ pé kò sí nǹkan kan. Á béèrè bóyá ibì kan ń dùn wọ́n, bóyá ẹnì kan wà tí wọ́n fẹ́ rí. Bó bá kúrò níbẹ̀, á lọ sọ fún sister tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀. Nǹkan tí wọ́n ń kọ́ ni. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Oògùn ìrora: má jẹ̀ẹ́ kẹ́rù bà ọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ báyìí. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà kan fún ìrora jẹjẹrẹ, bí àkàbà onípele mẹ́ta. Ìrora tí kò le púpọ̀, irú oògùn bíi panadó. Bó bá ju ìyẹn lọ, oògùn tó lágbára díẹ̀ sí i, bíi codeine. Bó bá le gan-an, mọfíìnì. Bí aláìsàn bá lè gbé nǹkan mì, ẹnu ni kó gbà á. Kò di dandan kí ẹ gún un lábẹ́rẹ́. Aago lẹ ó sì máa wò. Mọfíìnì olómi, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún èèyàn. Bẹ́ ẹ bá ń dúró dìgbà tí aláìsàn bá pariwo, ìrora á ti gun orí kẹ́ ẹ tó dé.

Ìbẹ̀rù kan wà tó wọ́pọ̀ láàrin ẹbí: bí wọ́n bá ti dárúkọ mọfíìnì, wọ́n á ní wọ́n fẹ́ fi pa èèyàn àwọn ni. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, tí wọ́n sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kì í pa aláìsàn. Ó lè mú kó tòògbé fún ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìyẹn á sì sábà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ èyí dáadáa lè fi ọkàn ìdílé kan balẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á fi ìbẹ̀rù tiẹ̀ kún tiwọn, aláìsàn á sì máa jẹ̀rora nígbà tí oògùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tí ìmọ̀ nọ́ọ̀sì lè ṣe hàn kedere ní Uganda. Ní 1993, dókítà kan tó ń jẹ́ Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń po mọfíìnì olómi tí owó ẹ̀ ò wọ́n fáwọn aláìsàn. Dókítà ò tó lábúlé. Nígbà tó di 2004, wọ́n yí òfin padà kí àwọn nọ́ọ̀sì tó bá ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lórí ìtọ́jú ìtura lè máa kọ mọfíìnì fún aláìsàn fúnra wọn. Níbi púpọ̀ láyé, dókítà nìkan ló lè kọ ọ́. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ní UCH Ìbàdàn, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí lélẹ̀, ẹ̀ka kan sì wà fún un ní ọsibítù náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá lè rán yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọjá yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé irú ibẹ̀, tí wọ́n fojú rí i, ìmọ̀ wọn máa ń gòkè, ẹ̀rù wọn sì máa ń dín kù.

Ohun tó kù sọ́wọ́ àwa ará ilé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kàn wá ju ẹlòmíràn lọ. Bí wọ́n bá béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ wa ní ọsibítù, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sọ nǹkan mìíràn kí wọ́n má baà fojú burúkú wò wá. Wọ́n á kọ ọ́ sí kádì. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wá le, ẹni tí kò yẹ ni wọ́n máa pè wá gbàdúrà sórí wa, ẹni tó yẹ á sì wà nílé tí kò mọ̀. Mo ti sọ pé ìrora ẹ̀mí wà lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú. Nọ́ọ̀sì ò lè tọ́jú ohun tá a fi pa mọ́ fún un. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ sọ èèwọ̀ yín nípa oúnjẹ. Bí ilẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tàbí ti ọrùn bá jẹ́ ohun tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ láìsọ fún yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa náà, bẹ́ ẹ bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ bi gbogbo aláìsàn ní ohun tó ń fún un lágbára, Mùsùlùmí ni o, ìgbàgbọ́ ni o, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni o. Ẹ má ṣe fi ẹ̀sìn tiyín díwọ̀n tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbo náà ńkọ́? Bí aláìsàn bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ sì sọ ewé àti egbò tó wà nínú ẹ̀ bẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tí àìsàn ti bà jẹ́ kì í lè gba gbogbo ẹ̀ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ọ, tó wá yọ ṣùtì sí i, kò ní gbọ́ òmíràn mọ́. Wọ́n á kàn máa mu ún lẹ́yìn ẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa gbé èèyàn yín lọ sílé, ẹ má kàn dìde. Ẹ béèrè nǹkan márùn-ún yìí:

Oògùn ìrora wo ni a ó máa fún wọn nílé, aago mélòó mélòó?
Kí ni ká ṣe bí èémí bá ń há wọn, tàbí bí wọn ò bá rí ìgbẹ́ yà?
Báwo la ó ṣe máa yí wọn padà lórí ibùsùn kí egbò ẹ̀yìn má baà yọ?
Ta la lè pè lóru?
Ṣé ẹ̀ka ìtọ́jú ìtura kan wà tá a lè lọ rí?

Ẹ ní kí ọmọ yín tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì dúró tì yín lọ́jọ́ náà, kó gbọ́ ìdáhùn, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó máa jókòó nígbà tí àgbàlagbà bá ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ìgbẹ̀yìn àwọn rí. Bó bá ti wọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú ojú tó fà ro, ẹ bi í ní ohun tó rí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kan ò rí àyè fún nìyẹn, ó sì wà ní ìkáwọ́ wa.

Níbi tá a bá a dé lónìí nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba mẹ́rin nínú mẹ́rin, mo kí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ kọ̀wé sí wa kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó jáde, kẹ́ ẹ sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lórí ọ̀rọ̀ yìí àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Ó dìgbà kan ná. A ò ní fi ìrora lo ọjọ́ ogbó wa o. Àṣẹ.